Ọjọ́ Mélòó ní Ilé Ìtọ́jú? Ìtàn Ìtọ́jú Bárakú Ọtí àti Oògùn Olóró Títí Dé Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ìtọ́jú ọlọ́jọ́ kúkúrú fún bárakú ni kí ẹni tí ọtí tàbí oògùn olóró ti dè mọ́lẹ̀ fi ilé sílẹ̀, kó wọ ilé ìtọ́jú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, kí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì máa ṣọ́ ọ títí ohun tó ń lò yóò fi dá lára rẹ̀, kó sì padà sáàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ láti máa lọ fi ara han dókítà lóòrèkóòrè. Ní Ìjurìn-Èkìtì àti ní gbogbo agbègbè Ìjerò, Aràmọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, irú ètò yìí kò tíì dàgbà. Àmọ́ àṣà kí ẹbí gbé ẹni wọn kúrò nílé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú ti wà kí òyìnbó tó dé. Ohun tó ń yí padà láti ìran dé ìran ni iye ọjọ́ tí aláìsàn ń lò níbẹ̀, ẹni tó ń sanwó, àti ẹni tó ń dúró tì í. Ìtàn náà sì fi hàn pé àìsàn fúnra rẹ̀ kọ́ ló sábà ń pinnu iye ọjọ́. Àpò ẹni tó ń sanwó ló ń pinnu rẹ̀, àti àyè tí ẹbí ní.

Ọtí ti pẹ́ ní Èkìtì. Ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ ni àwọn baba ńlá ń mu, wọ́n sì tún ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Kò sí ìgbéyàwó, ìsìnkú tàbí ìwúyè tí ọtí kì í yọjú sí, ilẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń ta á sí fún àwọn tó ti lọ. Síbẹ̀, nǹkan méjì ló ń dí ọwọ́ ọ̀mùtí. Ẹmu kì í pẹ́: ti àárọ̀ dùn, kò sì le, tó bá di alẹ́ ó ti kan, tó bá fi máa di ọ̀túnla, ẹnu kò gbà á mọ́. Kò sí ẹni tó lè kó o jọ sí yàrá kó máa dá mu ún fún oṣù kan. Yàtọ̀ sí èyí, àwùjọ ni wọ́n ti ń mu ún, akèrègbè kan láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, àgbà ló sì ń wo ẹni tó yẹ kí wọ́n bù fún àti ẹni tó ti tó. Ọ̀mùtípara wà, ẹ̀sín ilé rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò tíì di ìṣòro tí ìlú ń wá ilé ìtọ́jú fún.

Ọtí líle láti òkè òkun ló já okùn méjèèjì. Lẹ́yìn tí ogun Kírìjì parí, tí àwọn jagunjagun sì tú ká ní ọdún 1893, ọ̀nà òwò láti etí òkun là dé àárín Èkìtì, jíìnì àti sínáàpù sì bá a wọlé. Inú ìgò ni wọ́n wà, wọn kì í bàjẹ́, ẹni tó bá lówó sì lè rà wọ́n pamọ́. Àwọn ìjọba Yúróòpù ti fẹnu kò ní Brussels ní ọdún 1890 láti dín ọtí líle tó ń wọ Áfíríkà kù, ìjọba òyìnbó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní Àríwá Nàìjíríà. Ní Gúúsù, wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí owó bodè orí ọtí wà lára ohun tó ń gbọ́ bùkátà ìjọba jù lọ. Nígbà tí ariwo àwọn míṣọ́nnárì pọ̀, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní ọdún 1909. Ìgbìmọ̀ náà ní òun kò rí ẹ̀rí pé ọtí ń ba àwọn ènìyàn jẹ́. Èsì yìí kò yani lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba tó ń jẹ lórí ọtí ló yan àwọn olùwádìí. Àdéhùn Saint-Germain ti ọdún 1919 ló wá fòfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń dìídì ṣe fún ọjà Áfíríkà.

Nígbà tí jíìnì di ọ̀wọ́n, tí owó sì ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ ará ìlú láàárín ọdún 1930 sí 1939, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í se tiwọn. Wọ́n ń gbé ògùrọ̀ tó ti kan kaná nínú agbá, wọ́n ń gba ooru rẹ̀ kọjá nínú páìpù tó la omi tútù já, ohun tó ń kán sínú ìgò ní òdì kejì ni ògógóró. Òfin òyìnbó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, ọlọ́pàá sì ń kó àwọn tó ń sè é, ṣùgbọ́n igbó pọ̀ ju ọlọ́pàá lọ. Láti ìgbà náà ni ọtí tó le bíi ti òyìnbó ti wà ní iye tí lébìrà lè san, tí wọ́n ń tà á ní ife kékeré kọ̀ọ̀kan. Paraga tẹ̀lé e, ògógóró tí wọ́n rẹ egbò àti èèpo igi sí, tí àwọn awakọ̀ ń mu ní gáréèjì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọtí inú ọ̀rá ló dé kẹ́yìn. Ní ọdún 2018, àjọ NAFDAC tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, iléeṣẹ́ ètò ìlera àti àwọn tó ń ṣe ọtí náà fọwọ́ sí ìwé pé yóò kúrò lọ́jà kí oṣù kìíní ọdún 2024 tó parí. Ọjọ́ náà dé, ó kọjá, ọ̀rá ṣì wà lórí igbá.

Igbó mímu dé lẹ́yìn ọtí. Àwọn ọmọ ogun tó padà láti Bọ́mà àti Íńdíà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn òpìtàn sábà máa ń kà sí ẹni tó mú èso rẹ̀ wálé. Ilẹ̀ igbó Oǹdó, Èkìtì, Ọ̀ṣun àti Ẹdó gbà á dáadáa, oko tó sì jìn sí títì ṣòro fún ìjọba láti rí. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1966 sọ pé ẹni tó bá gbìn ín lè kú tàbí kó lo ọdún 21 lẹ́wọ̀n, ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ gbọọrọ sì wà fún ẹni tó bá ń mu ún náà. Ọdún 1975 ni wọ́n tó dẹ okùn náà díẹ̀. Ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe sí ìtọ́jú kò ṣòro láti mọ̀. Ìyá tó bá mọ̀ pé ọmọ òun ń mugbó kò jẹ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ó ń dúró títí orí ọmọ náà yóò fi dàrú, kó tó wá gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣe.

Ilé oníṣègùn ni ilé ìtọ́jú àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ Kánádà tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣègùn Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kọ ohun tó rí sílẹ̀ ní kíkún. Aláìsàn ń gbé inú agboolé oníṣègùn fún oṣù mélòó kan, ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ sì máa ń wà nítòsí láti gbọ́únjẹ. Tí ara rẹ̀ bá ṣì ń gbóná, wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Tó bá rọ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀, á sì máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ilé tàbí lóko. Asofẹ́yẹjẹ ni ewé àti egbò tí wọ́n ń lò jù láti fi mú un sùn, èyí tí onímọ̀ ewéko ń pè ní Rauvolfia vomitoria. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Switzerland yọ reserpine jáde láti ara igi Íńdíà tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, oògùn náà sì wọ ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ káàkiri ayé. Oníṣègùn kò fọwọ́ pa iṣẹ́ náà lójú. Ó mọ oògùn oorun, ó sì mọ̀ pé ara nílò àkókò.

Ohun tó yẹ kí ènìyàn fiyè sí jù nínú ètò yẹn ni bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀. Ọjọ́ tí aláìsàn bá máa lọ sílé, wọ́n ń mú un lọ sí odò, wọ́n ń fi ẹyẹlé rúbọ, wọ́n ń fi omi ṣan ara rẹ̀, wọ́n ń jẹ́ kí aṣọ àìsàn bá omi lọ, wọ́n sì ń wọ aṣọ tuntun fún un. Lójú gbogbo ẹbí tó wà níbẹ̀, àìsàn náà ti parí, ẹni tuntun sì ni wọ́n ń mú padà sílé. Ilé ìwòsàn òde òní kò ní ohun kan tó dà bí èyí. Ìwé ni wọ́n ń kọ lé aláìsàn lọ́wọ́. Àmọ́ ètò oníṣègùn ní àléébù ńlá kan: wèrè ni wọ́n là á kalẹ̀ fún. Bárakú kì í ṣe wèrè. Ẹni tí igbó da orí rẹ̀ rú lè bọ̀ sípò lábẹ́ asofẹ́yẹjẹ, kó padà sílé, kó sì bá àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bá mugbó níbi tó fi wọ́n sí.

Láti ọdún 1930 ni ọ̀nà mìíràn ti ṣí, pàápàá ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Ìsọjí tó bẹ̀rẹ̀ ní Òkè Ooyè ní Iléṣà ní oṣù keje ọdún náà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tàn dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láìpẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n sì sin wòlíì náà sí lẹ́yìn tó kú ní ọdún 1959. Ìjọ Àpósítélì ti Kristi tó jáde láti inú ìsọjí yẹn kọ oògùn sílẹ̀ pátápátá nígbà náà. Àdúrà, ààwẹ̀ àti omi ìyè ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ oògùn, àní kùínì tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń lò fún ibà, wà lára ohun tó ya ìjọ náà kúrò lára àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ bá wọn ṣe. Ilé àdúrà wá di ibi tí ọ̀mùtí àti amugbó ń lọ gbé. Ọjọ́ méje, ọjọ́ mọ́kànlélógún, ogójì ọjọ́: ààwẹ̀ ló ń pinnu iye ọjọ́ níbẹ̀. Fún ẹni tí bárakú rẹ̀ kò tíì wọra jìnnà, kíkúrò nídìí ọtí fún ọjọ́ mọ́kànlélógún láàárín àwọn tó ń gbàdúrà fún un kì í ṣe ohun kékeré. Fún ẹni tó ti ń mu ògógóró lójoojúmọ́ láti ogún ọdún, ó lè mú ewu wá, gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe hàn níwájú.

Ìjọba òyìnbó kò kọ́ ilé ìtọ́jú. Ilé ìtìmọ́lé ló kọ́. Òfin ọdún 1906 fún adájọ́ lágbára láti fi ẹni tí wọ́n bá pè ní wèrè ránṣẹ́ sí àhámọ́, wọ́n sì ṣí ti Yábàá ní Èkó ní ọdún 1907. Ìtọ́jú gidi kò sí nínú rẹ̀, oògùn kò sí, iye ọjọ́ kò sì ní òpin. Láti Ìjerò tàbí Aràmọkọ, ẹni tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ìrántí ìgbà náà kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn: títí dòní, ará Èkó tó bá fẹ́ sọ pé orí ẹnìkan ti dàrú yóò ní kí wọ́n gbé e lọ sí Yábàá, ará òkè yóò sì ní Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta. Ìdí kan nìyí tí ẹbí fi ń kọ ilé ìwòsàn ìjọba sílẹ̀ fún ọmọ tí oògùn olóró ti dè, àní nígbà tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ìtọ́jú wà.

Àrò fúnra rẹ̀ kò yẹ fún orúkọ yẹn. Ní ọdún 1944, ìjọba ṣí Lántòrò ní Abẹ́òkúta fún àwọn ọmọ ogun tí ogun ti da ọpọlọ wọn rú. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní ọdún 1923, tó kàwé ní Birmingham àti ní London, gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Àrò. Ilé náà kò tíì parí, aláìsàn sì ti ń wá. Dípò kó dúró de ibùsùn, Lámbò lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó ní kí wọ́n gba aláìsàn sílé fún owó. Kò sí aláìsàn tí wọ́n ń gbà láìjẹ́ pé ẹbí rẹ̀ kan bá a wá, ìyá, àbúrò tàbí ìyàwó, tí yóò máa se oúnjẹ, fọ aṣọ, mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ kó sì mú un padà lọ́sàn-án. Àwọn ará abúlé rí owó ilé, wọ́n sì rí àǹfààní omi àti ìmọ́tótó. Aláìsàn sì ń gbé láàárín ìlú tí wọ́n ń ná ọjà, tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ, tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é.

Ètò abúlé yìí mú kí orúkọ Àrò kàn dé òkèèrè. Ó jọ ohun tí ìlú Gheel ní Belgium ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ti Lámbò yàtọ̀, nítorí pé ẹbí aláìsàn fúnra wọn wà níbẹ̀. Ó gba àwọn oníṣègùn Yorùbá síṣẹ́ pẹ̀lú, ohun tó bí àwọn dókítà kan nínú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Abẹ́òkúta gbàlejò ìpàdé àkọ́kọ́ ti àwọn dókítà ọpọlọ ní Áfíríkà, Lámbò sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ oògùn olóró kò ṣàjèjì sí wọn ní Àrò: Tọ́lání Àsùní tó jogún iṣẹ́ náà tẹ ìwádìí nípa igbó jáde ní ọdún 1964, Lámbò sì kọ tirẹ̀ nípa bárakú oògùn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1965. Nígbà tó yá, Àrò dá ẹ̀ka sílẹ̀ fún bárakú nìkan, níbi tí aláìsàn ti ń gbé láìdàpọ̀ mọ́ àwọn tí àrùn ọpọlọ mìíràn ń ṣe. Ètò abúlé ti rọlẹ̀ ní tirẹ̀, bí ìgboro Abẹ́òkúta ṣe ń fẹ̀ tí ilé sì ń wọ́n. Bóyá ohun tó ṣe iyebíye jù tí ilẹ̀ Yorùbá fi kún ìmọ̀ ìtọ́jú nìyẹn, òun náà sì ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó lọ.

Amẹ́ríkà ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti wá. Ní ọdún 1879, dókítà Leslie Keeley ṣí ilé ìtọ́jú ọ̀mùtí ní Dwight, Illinois, ó ń gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ní wúrà wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wúrà yẹn kò dá ẹnikẹ́ni lójú mọ́, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà ò lọ. Ní ọdún 1935, Bill Wilson àti dókítà Bob Smith dá ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous sílẹ̀ ní Akron, Ohio, ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀mùtí fúnra wọn fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Láti ọdún 1949, ilé ìtọ́jú Hazelden ní Minnesota, pẹ̀lú ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Willmar, da ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ yìí pọ̀ mọ́ iṣẹ́ dókítà. Ètò ọjọ́ 28 jáde láti ibẹ̀. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó rẹ̀, ọjọ́ 28 di òfin àìkọsílẹ̀, nítorí iye tí wọ́n ń san nìyẹn. Kò sí ìwádìí tó fi hàn pé ọjọ́ 28 ni ọpọlọ ń lò láti bọ́ nínú bárakú.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà kejì. Synanon, tí Charles Dederich dá sílẹ̀ ní California ní ọdún 1958, àti Daytop ní New York ní ọdún 1963, ní kí aláìsàn wá gbé pẹ̀lú àwọn bíi tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó ṣiṣẹ́, kó sì kọ́ bí a ti ń gbé ayé lákọ̀tun. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ń gba oṣù mẹ́fà sí méjìlá. Synanon bàjẹ́ nígbẹ̀yìn, ó di ẹgbẹ́ tí olórí kan ń darí bó ṣe wù ú, èyí tó jẹ́ ìkìlọ̀ fún ilé ìtọ́jú tí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí kokéènì gba ìlú ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn ilé ọlọ́jọ́ kúkúrú tí wọ́n kọ́ fún ọ̀mùtí bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tó ń lo oògùn mìíràn. Iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn olóró ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba ní ọdún 1999: ìtọ́jú tí kò tó ọjọ́ 90 kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró. Àmọ́ ọjọ́ 90 yìí kò túmọ̀ sí pé inú ilé ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ilé, kí aláìsàn sì máa ti ilé rẹ̀ lọ rí dókítà fún oṣù méjì tó tẹ̀lé e, ìtọ́jú kan náà ni.

Ìgbà kokéènì yẹn dé Nàìjíríà náà. Lábẹ́ òfin ọdún 1984, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó ní oṣù kẹrin ọdún 1985 nítorí oògùn olóró, ariwo rẹ̀ sì gba ayé. Ọdún 1989 ni wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gbógun ti oògùn àti láti gba àwọn tó ń lò ó nímọ̀ràn. Ìlú mọ ti àkọ́kọ́ ju ti èkejì lọ. Lẹ́yìn náà ni tramadol àti kodéènì inú omi ikọ́ gba ọjà, tí ìjọba àpapọ̀ fi dá kíkó omi ikọ́ oníkodéènì wọlé àti ṣíṣe rẹ̀ dúró ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ìwádìí tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí oògùn olóró, àti ìjọba jọ ṣe lọ́dún yẹn sọ pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ló ga jù lọ nínú àwọn agbègbè mẹ́fà, pẹ̀lú ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọtí kò sí nínú iye yìí rárá.

Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kò ní láti rin ìrìn Abẹ́òkúta mọ́ kí wọ́n tó rí dókítà ọpọlọ. Lẹ́yìn tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì dá dúró ní ọdún 1996, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tí kò jìnnà sí Ìjerò àti Ìjurìn, àti ti ìpínlẹ̀ ní Adó, ti ní dókítà ọpọlọ. Ará Ẹ̀fọ̀n lè gba ọ̀nà Iléṣà lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild. Àrò àti Yábàá ṣì wà fún ẹni tó bá nílò ẹ̀ka tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bárakú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló fi ìdí tí ilé ìtọ́jú fi wúlò hàn. Ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀ kò gbọ́dọ̀ dédé dáwọ́ dúró nílé. Láàárín wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó. Láàárín ọjọ́ méjì, gìrì lè mú un. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí kò sí, kí ọkàn rẹ̀ máa sáré, kó sì kú. Diazepam tí wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀ àti fítámì B1 ni dókítà ń fi dáàbò bò ó. Ìdí nìyí tí ààwẹ̀ lórí òkè fi lè pa ògbólógbòó ọ̀mùtí: kíkọ oúnjẹ àti ọtí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ohun tó léwu jù. Ti tramadol àti kodéènì kì í sábà pani, ṣùgbọ́n ara ríro, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrí-oorun-sùn rẹ̀ ń le débi pé ẹni tó wà nílé á yọ́ lọ rà á kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ti igbó fúyẹ́ nínú ara. Orí tó bá ti dàrú ni dókítà ń tọ́jú níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì, ara ti fọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kù jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ: ohun tó ń ti aláìsàn sídìí oògùn, àwọn tó ń bá a lò ó, iṣẹ́ tí yóò padà sí, àti ìpàdé pẹ̀lú ẹbí.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní bárakú ló nílò ilé ìtọ́jú. Ọ̀dọ́ tó ń mugbó, tí ara rẹ̀ le, tó ní iṣẹ́, tí ẹbí rẹ̀ sì dúró tì í, lè ti ilé lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Ìdó tàbí Adó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ilé ọlọ́jọ́ kúkúrú bá ẹni tí gìrì ti mú rí mu, ẹni tó ti gbìyànjú nílé láìmọye ìgbà, ẹni tó ń lo oògùn méjì mẹ́ta pọ̀, àti ẹni tí ilé tó ń gbé gan-an ti jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ní agbègbè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tún rọrùn ju oṣù mẹ́fà lọ: olóko lè wá ẹni bá a mójú tó iṣu àti kòkó fún oṣù kan, kò sì sí ẹni tó máa béèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ibi tó lọ. Oṣù mẹ́fà kò ṣeé fi pamọ́ ní ìlú kékeré.

Ibi tí àṣàyàn ti ń bàjẹ́ ni ilé ìtọ́jú aládàáni tí kò ní dókítà. Owó wọn máa ń kéré, wọn kì í kọ orúkọ sí ìwé ìjọba, wọ́n sì ń gba aláìsàn fún iye ọjọ́ tó bá wu ẹbí, àní ọdún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọlọ́pàá kó ènìyàn tó lé ní 300 jáde nínú ilé kan ní Kaduna, ọ̀pọ̀ wọn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n kó 259 jáde ní agbègbè Òjóò ní Ìbàdàn. Àwọn ẹbí ló fi ọ̀pọ̀ nínú wọn síbẹ̀, wọ́n rò pé ìtọ́jú ni. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ló wá rọ́pò òfin wèrè tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1916. Ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti gbà tàbí kọ ìtọ́jú, ó sì fi ààlà sí ìgbà tí wọ́n lè mú un tipátipá. Ẹbí tó bá fẹ́ yan ilé kan lè béèrè ohun mẹ́rin kí wọ́n tó sanwó: ṣé dókítà ń wá lójoojúmọ́, ṣé aláìsàn fúnra rẹ̀ gbà láti wá, ṣé ẹbí lè wá wò ó, àti ta ni yóò máa rí i lẹ́yìn tó bá kúrò.

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló le jù. Nínú ọgọ́rùn-ún tó bá gba ìtọ́jú bárakú, ogójì sí ọgọ́ta ló ń padà sídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà ṣe sọ, èyí kò sì yàtọ̀ sí ti ìfúnpá gíga tàbí àtọ̀gbẹ tí aláìsàn bá fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Ewu tó wà fún ẹni tó lo tramadol tàbí irú rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: lẹ́yìn ìtọ́jú, ara rẹ̀ kò gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́, bó bá padà sí iye yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó lè kú. Lọ́wọ́ ẹni tó wà nílé ni gbogbo èyí bọ́ sí, ẹni tí Lámbò ní kó bá aláìsàn wá sí Àrò. Ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú òde òní ń pe ẹbí fún ìpàdé kan tàbí méjì, tí ìyá aláìsàn á wọ ọkọ̀ láti Ìjurìn, á gbọ́ ọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, á sì padà.

Owó ló kù. Nígbà tí ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, NHIS, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, ìtọ́jú bárakú oògùn wà lára ohun tí ìlànà rẹ̀ kọ̀ láti sanwó fún. Òfin NHIA tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣòwò ní abúlé kò tíì wọ inú rẹ̀. Ibùsùn, oògùn, oúnjẹ àti ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ń jáde láti inú owó kòkó, owó àjọ tàbí àwọn ọmọ tó wà ní Èkó àti òkè òkun. Bí owó bá tán ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kejì ni aláìsàn ń padà sílé, ara rẹ̀ ti fọ̀, ìpín tó kàn ọ̀rọ̀ sísọ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.